Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Samuel Delany, àti Lára Ìṣirò Ìyọkúrò Kan

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe másítà lọ́wọ́, ó pé ọdún mẹ́wàá nínú oṣù yìí tí mo jáde kúrò nínú yàrá kan pẹ̀lú tíísì mi lábẹ́ abíyá, tí mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́ta nínú yín fi iṣẹ́ ìwádìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà náà ni mo bá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, mo sì fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ kó lè rọrùn fún yín.

Èkíní: ẹ yan òǹkọ̀wé tí ẹ ó lè máa ka ìwé rẹ̀ nígbà tí kò síná, tí ebi sì ń pa yín. Samuel R. Delany, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ni èmi yàn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1942 ni wọ́n bí i, àdúgbò Harlem ní New York ló sì gbé dàgbà. The Jewels of Aptor, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, jáde ní 1962, ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ó gba Nebula, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, fún Babel-17, ó tún gbà á fún The Einstein Intersection lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Dhalgren tó gbé jáde ní 1975 tà ju ẹ̀dà mílíọ̀nù kan lọ, ìwé tí ẹlòmíràn ń kà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e. Kò parí yunifásítì, síbẹ̀ ó di prọ̀fẹ́sọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní 1988, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Temple ní Philadelphia títí di 2015. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà fi í joyè Grand Master. Mo mọ gbogbo èyí bí ẹni mọ oríkì ilé wọn. Mo rò pé mímọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ti tó.

Èkejì: ìwé tí ẹ bá tọ́ka sí, ẹ kà á.

Mo fẹ́ kọjá sí ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tíísì àtijọ́ kan wà ní ilé ìkàwé ẹ̀ka wa nígbà náà, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. Inú rẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn kan tí Delany sọ nípa baba rẹ̀, pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní 1958, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó kọ tíísì náà ní inú The Motion of Light in Water lòun ti rí i, ìwé tí Delany kọ nípa ìgbà èwe ara rẹ̀ ní 1988. Ìwé náà ò sí ní ilé ìkàwé wa, owó tí mo lè fi rà á láti òkè òkun ò sì sí lọ́wọ́ mi. Mo da gbólóhùn náà kọ. Mo fi orúkọ ìwé náà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé bí ẹni pé mo ti kà á. Mi ò dárúkọ tíísì tí mo ti rí i rárá.

Orí gbólóhùn kan yìí ni mo kọ́ odidi orí kẹta lé. Mo ní ikú baba ló ṣí ọmọ náà lẹ́nu. Mo ka ọdún mẹ́rin láti 1958 dé 1962, mo pè é ní ọdún ọ̀fọ̀, mo sì ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé méjìlélógójì! Súpáfáísọ̀ mi fi bírò pupa kọ “ó dára” sí iwájú rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ dífẹ́ǹsì, ọjọ́ tí mo ní láti gbèjà tíísì náà níwájú àwọn olùdánwò, màmá kan wá láti yunifásítì mìíràn gẹ́gẹ́ bí olùdánwò. Wọn ò pariwo. Wọ́n ṣí orí kẹta, wọ́n sì bi mí pé, “Ọdún wo ni wọ́n bí ọkùnrin yìí?”

“1942, mà.”

“Baba rẹ̀ kú lọ́dún wo?”

“1958, mà.”

“Yọ ọ́ kúrò lára ara wọn.”

Ariwo fáànù nìkan ni mo ń gbọ́. Mo yọ ọ́ lọ́kàn, mo tún un yọ. Mẹ́rìndínlógún ni. Màmá ní kò tilẹ̀ tíì pé mẹ́rìndínlógún kí oṣù kẹrin ọdún náà tó wọlé, pé mẹ́tàdínlógún wo wá ni mo fi ojú ewé méjìlélógójì sọ̀rọ̀ lé lórí?

Wọ́n wá ki ọwọ́ bọ báàgì, wọ́n mú ìwé náà gan-an jáde. Ìwé kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi bò ó, bí a ti ń bo ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ kà á. Delany fúnra rẹ̀ ló gbé gbólóhùn yẹn kalẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní kì í ṣe òótọ́. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Pennsylvania, tí wọ́n ń to àkójọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀, ló kọ lẹ́tà sí i pé ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kẹrin 1942 kò lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní 1958. Ọdún 1960 ni baba rẹ̀ kú, òun sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó to gbólóhùn méjèèjì síra wọn, ó ní èkejì ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ àṣìṣe ṣì ń dà bí òótọ́ lọ́kàn òun. Ìwé tí mo pè wá jẹ́rìí mi ló dìde dúró tó takò mí. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́ nínú ọdún mẹ́rin tí mo pè ní ọdún ọ̀fọ̀ yẹn, baba yìí wà láàyè. Ilé iṣẹ́ ìsìnkú ló ní ní Harlem. Òkú àwọn ẹlòmíràn ló ń tọ́jú lọ́wọ́ nígbà tí èmi ti sin ín sínú tíísì.

Ìbéèrè tó dùn mí jù lọ kò tíì dé. Orí kejì mi dá lórí àròkọ kan tí Delany ti kọ́ wa bí a ṣe ń ka ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Ó mú gbólóhùn kan péré níbẹ̀, pé oòrùn pupa wà lókè, tí aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀, ó sì ń kà á ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè rí bí àwòrán inú ọkàn ṣe ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá wọlé. (Ẹ wò ó ní èdè wa: “oòrùn” ló ń ṣáájú, tiwa yìí lẹ ó sì kọ́kọ́ rí. “Pupa” á dé, ẹ ó rò pé ó ń wọ̀ ni. “Lókè” á ní kì í wọ̀. Ìgbà tí oòrùn kejì bá yọ lẹ ó tó mọ̀ pé ẹ ò sí nílé ayé mọ́. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ló ń ṣáájú oòrùn, ọ̀nà tí àwòrán náà ń gbà wọlé sì yàtọ̀.) Mo ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, mo sì ń yangàn rẹ̀ títí dòní. Màmá ṣí i, wọ́n bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ṣé ẹni tó kọ èyí náà ló kọ orí kẹta?”

Mi ò lè fèsì. Wọ́n yíjú sí súpáfáísọ̀ mi tó ń tẹ fóònù. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún mi. Kò kìlọ̀ fún mi rí! “Ó dára” ló kọ, bírò pupa náà ṣì wà nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Bí a bá pàdé níbi ìnáwó, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé.

Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́sàn-án. Màmá yá mi ní ìwé wọn. Mo kó ojú ewé méjìlélógójì dànù, mo sì kọ orí kẹta tuntun lórí ohun tó ṣeé ṣe kó mú kí ọkùnrin tó ti mọ òótọ́ má pa irọ́ inú ìrántí rẹ̀ rẹ́, tó fi gbé e síwájú ìwé rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ìwé Delany yẹn ló gba Hugo, ẹ̀bùn ńlá mìíràn nínú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ní 1989. Orí tuntun yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ rí.

Ẹ̀yin ò ní irú àwáwí tí mo ní. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú yín kọ ọ́ pé John W. Campbell, olóòtú ìwé ìròyìn Analog tó ń gbé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì jáde, dá Nova, ìwé ìtàn Delany kan, padà torí pé iṣẹ́ náà ò dára tó. Níbo lo ti kà á, àbúrò? Delany fúnra rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nínú àròkọ “Racism and Science Fiction” ní 1998: Campbell fóònù sí aṣojú rẹ̀ pé òun ò rò pé àwọn òǹkàwé òun lè bá ẹ̀dá ìtàn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú lọ. O ti gba ẹnu Campbell sọ ohun tí kò sọ, o sì ti bo ìyà tí wọ́n fi jẹ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Irú àṣìṣe báyìí máa ń ṣe ẹlòmíràn níbi.

Mo ti dá iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ìbéèrè kan náà ni mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jálẹ̀: “Ojú ewé wo?”

Nígbà tí mo lọ dá ìwé màmá padà, wọ́n ní kí n máa mú un lọ. Nínú èèpo rẹ̀, wọ́n ti fi pẹ́ńsù yọ 1942 kúrò lára 1958, wọ́n sì fa ìlà méjì sábẹ́ 16. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kó wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn aago méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fi í sílẹ̀ fún èèyàn.