Bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan lọ èèyàn ní ìlú Ọba

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé tó láti fi yege ìdánwò, àmọ́ kò tó láti fi bu omi fún arúgbó mu ní ìlú Ọba. Gbogbo ẹni tó bá ń múra láti wá ṣiṣẹ́ kẹ́à, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìlera, ni mò ń bá wí, nítorí pé láti òwúrọ̀ dé alẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún kò ju ká máa fi nǹkan lọ èèyàn: tíì, omi, aṣọ, ọwọ́ tí wọ́n á fi dìde.

Nílé wa, ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í béèrè. Àlejò wọlé, ẹ ti gbé omi fún un. Àgbàlagbà ń gbé ẹrù bọ̀, ẹ ti sáré gbà á kó tó lanu. Ọmọ tó bá dúró síbẹ̀ tó ń bi wọ́n bóyá kí òun gbà á tàbí kí òun má gbà á, wọ́n á ní ta ló bí eléyìí. Ẹni tó ń jẹun á ní "Ẹ wá jẹun o," àwa náà á ní "Á gba ibi ire o," kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìhín, ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀wọ̀. Kí ẹ tó ti kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò lè rìn, kí ẹ tó bá a tú bọ́tìnnì, ẹ ní láti bi í, kí àyè sì wà fún un láti kọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "You" kan náà ló wà fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ìyá àgbà náà tiẹ̀ lè ní kí ẹ máa pe òun ní orúkọ òun gan-an. (Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á.) Inú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú "you" ni ọ̀wọ̀ wọn wà. "Do you want tea?" kò burú láàárín ọ̀rẹ́, tàbí sí ọmọdé. Fún àgbà, tàbí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, "Would you like some tea?" ni. Ẹ ṣàkíyèsí "some" yẹn. "Some" ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀ dípò "any", bíi pé ẹni tó ń fi tíì lọni ti ń retí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí "Do you like tea?" dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn kàn ń béèrè bóyá tíì jẹ́ ohun tí ẹni náà fẹ́ràn. Ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìmọ̀ pé ẹ ti fẹ́ lọ gbé omi kaná.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ báni ṣe, "Shall I close the window?" ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo "shall", "Do you want me to close it?" ni tiwọn, ìyẹn náà sì dára níbí. Ẹni tí ẹrù wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, "Would you like a hand with that?" ni ẹ ó sọ fún un. "Let me get that for you" ló sún mọ́ "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e" jù lọ. Ó dára fún ilẹ̀kùn àti àpò ọjà. Kò dára fún ara èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ara èèyàn yìí ní òfin lẹ́yìn. Ní England àti Wales, Mental Capacity Act ti ọdún 2005 sọ pé ká gbà pé ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 16 lè ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá wà pé kò lè ṣe é. A kò sì gbọdọ̀ kà á sí ẹni tí kò lè pinnu láìjẹ́ pé a ti sa gbogbo ipá tó ṣeé sà láti ràn án lọ́wọ́. Tí ìpinnu rẹ̀ bá dà bí èyí tí kò bọ́gbọ́n mu lójú wa, ìyẹn nìkan kò tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Would you like me to...?" ni òfin yìí máa ń jẹ́ lẹ́nu wa láràárọ̀.

Ìyá kan wà tí mò ń tọ́jú, tí àìsàn dementia ti mú kó máa gbàgbé nǹkan. Tí mo bá bi í pé "What would you like to wear?", ojú rẹ̀ á dàrú, ìbéèrè náà ti fẹ̀ jù fún un. Nítorí náà, màá yọ kádígàn méjì, màá gbé wọn sókè níwájú rẹ̀: "Would you like the blue one or the grey one?" Á na ọwọ́, á fi ẹ̀yìn ìka rẹ̀ pa èyí aláwọ̀ búlúù lára, á tún fọwọ́ kan ìkejì, lẹ́yìn náà ni á wá fa ọ̀kan mọ́ra. Ó lè má rántí pé òun ti jẹun, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ tó wù ú. Mo mọ̀ pé àkókò kì í tó, àwọn mìíràn ń tẹ aago ìpè, síbẹ̀ mi ò gbà pé ìṣẹ́jú yẹn pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni.

Ìdáhùn wọn náà gba kéèyàn tẹ́tí. "I'm all right, thanks" túmọ̀ sí pé kò fẹ́. "Go on, then" dún bí ẹni tó ń léni lọ, àmọ́ ó fẹ́ ni o. Ẹ lọ po tíì. "I wouldn't say no" àti "If you're making one" náà, ó fẹ́ ni gbogbo wọn túmọ̀ sí.

Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń fi nǹkan lọ, ẹ rántí pé kì í ṣe ilé wa nìyí, níbi tí ọmọ ti ń kọ oúnjẹ títí tí ìyá rẹ̀ á fi ṣẹ́jú sí i, tí olóúnjẹ á sì tún máa rọ̀ ọ́. Níbí, "Are you sure?" lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ tán. Tí ebi bá ń pa yín, "Yes, please" ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. "Help yourself" túmọ̀ sí pé kí ẹ dìde lọ bù ú fúnra yín. "You must come round for dinner sometime" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dáná ọbẹ̀ tí ẹ máa gbé lọ títí tí wọ́n á fi dá ọjọ́.

Arúgbó tó bá kọ ìwẹ̀ ńkọ́? "Shall I come back in ten minutes?" ni mo máa ń sọ, màá sì padà lọ lóòótọ́. Tó bá tún kọ̀, màá ní "Would you like a wash at the sink instead?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gba ìyẹn. Tí kò bá gbà á náà, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo béèrè, ó kọ̀, màá sì sọ fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kó tún gbìyànjú nírọ̀lẹ́.