Ogún Ọdún Nídìí Ogún Bàbá Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ àtúnṣe ìwé, oṣù yìí ni mo pé ọdún 20 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú yín tó ń fi ìwé àtijọ́ rẹ́rìn-ín nítorí "aiye" àti "nwọn". Inú mi ò dùn.

Èkíní: ẹ má fi àkọtọ́ àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, Àjàyí Crowther, ló tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. "Ayé" àti "wọ́n" tí ẹ mọ̀ ọ́n kọ, àkọtọ́ 1974 ni. Àwọn kan ló lanà. Ìgbà tí ọ̀nà ti là ni àwa dé.

Èkejì: ẹ má da ojúlówó nù. Èyí gan-an ló ń dùn mí.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni bàbá mi gbé ìwé tí bàbá tirẹ̀ fọwọ́ kọ fún mi: oríkì ìdílé wa, láìsí àmì ohùn kankan. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìrántí bàbá àgbà. Ọ̀gá mi nígbà náà ní kí n má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ká mi lára. Òru méjì ni mo fi fàmì sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi "ọmọ onigba", mo kọ "onígbá". Ẹmu ni ìdílé wa ń dá, mo ṣe bí igbá ẹmu ni. A tẹ 300 ẹ̀dà. Èmi fúnra mi ni mo kó ìwé àfọwọ́kọ náà mọ́ ìdọ̀tí ọ́fíìsì, tí wọ́n gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìrántí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣí ìwé náà, wọ́n ń kì í jẹ́jẹ́. Wọ́n débẹ̀, wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ìdọ̀tí ló bà lé e.

"Igbà ni, ọmọ yìí. Okùn tí bàbá mi fi ń gun ọ̀pẹ. Ta ló ní a ń ta igbá?" Wọ́n pa ìwé náà dé. "Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ dà?"

N kò lè dáhùn.

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin tó ti gun ọ̀pẹ láti àárọ̀ jókòó ti àtùpà lálẹ́, ó ń kọ orúkọ àwọn tó bí i kí ó má baà parun. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ti àgbà tó ṣì wà láyé, kí ẹ tó gbé bírò.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó kù ò wá sí mi lọ́kàn mọ́. Ẹ̀dà 41 ni mo ti rí gbà padà nílé àwọn ẹbí. Mo fi bírò dúdú yí ohùn òkè yẹn sí ohùn ìsàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣì ń wá ìyókù kiri.