Bíìtì wo ló ń lu ihò ọ̀pá ìkìbọn tí kì í wọ́?

Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Pennsylvania lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà láyé àwọn ọdún 1700, tí àwọn kan sì ń fọwọ́ ṣe dòní, máa ń ní ọ̀pá ìkìbọn lábẹ́ irin rẹ̀, bíi ti ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Iwájú ọ̀pá náà ń sùn sínú poro tó wà lábẹ́ igi ìbọn. Ìdí rẹ̀ ń wọnú igi lọ, nǹkan bí íńṣì 12. Ihò yẹn ló ń ba igi gidi jẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju íńṣì 3/8 lọ, igi tó sì là á láàárín pẹ̀lú irin ìbọn kò ju nǹkan bí íńṣì 1/8 lọ. Tó bá yà sókè, á já síbi tí irin ń sùn sí, irin á ṣì bo àṣírí. Tó bá yà sísàlẹ̀, á yọ níkùn igi, gbogbo ayé á rí i.

Bíìtì (irin tí à ń fi lu ihò) tó gùn làwọn èèyàn ń wá kiri, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ló yẹ ká máa wò. Ẹ má mú bíìtì pẹlẹbẹ sún mọ́ iṣẹ́ yìí: lẹ́yìn ẹnu rẹ̀, ọ̀pá tín-ín-rín ló kù, kò sí ohun tó fara ti ihò. Èyí tó ní síkúrúù lẹ́nu ń fa ara rẹ̀ wọlé, ibi tí ìlà inú igi bá sì yà sí lòun náà ń yà sí. Bíìtì alọ́, irú èyí tí à ń fi lu irin, ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n nínú maple aláràbarà, igi líle kan tí wọ́n fi ń ṣe ìbọn yìí, ṣóńṣó rẹ̀ ń yọ̀ kúrò lórí ìlà tó le bọ́ sórí èyí tó rọ̀.

Èyí tó dá mi lójú ni irin róbótó tí wọ́n lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò títí ó fi ku ìdajì, tí orí rẹ̀ wá dà bíi lẹ́tà D. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń gé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó róbótó ń fara ti ihò tó ti gbẹ́, ihò yẹn ló sì ń tọ́ ọ. Ẹ jó o mọ́ ọ̀pá irin tó gùn tó íńṣì 48, kẹ́ ẹ yí i lórí gíláàsì láti mọ̀ bóyá ó tọ́. Kí orí bíìtì fi bíńtín tóbi ju ọ̀pá lọ, bíi nínípọn bébà kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá á há.

Àléébù rẹ̀ ni pé kì í kó èérún jáde. Ìdajì íńṣì lẹ́ ẹ bá lu, ẹ fà á jáde, ẹ gbọn ọ́n, ẹ fi àbẹ́là pa á lára. Bí èérún bá dì, ihò á jó, ẹnu bíìtì á di búlúù, mímú rẹ̀ sì tán nìyẹn.

Poro lẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbẹ́, torí òun ló máa darí ọ̀pá. Ẹ fi igi bo ọ̀pá mọ́nú poro, ẹ fi kíláǹpù mẹ́ta dè é, síbẹ̀ kó lè yí. Ẹ rọra lu ú, kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Lójú ọ̀nà, ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ oníńṣì 1/16 láti ibi tí irin ń sùn sí, kẹ́ ẹ fi wáyà wọn igi tó ṣẹ́ kù. Irin á bo ojú wọn tó bá yá. Bó bá ti ń yà, ẹ dúró. Ẹ fi igi róbótó àti gúlúù dí ibi tó wọ́, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ tó tún un lu.

Síkúrúù iwájú tó di ẹ̀rọ ìyìnbọn mú tún ń gba àárín ihò yìí àti irin kọjá. Bí ibẹ̀ bá fún, ẹ fi fáìlì fá ara síkúrúù náà níbi tí ọ̀pá ìkìbọn ti ń kàn án.