Ewùrà Mẹ́ta fún Ọpẹ́

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ pé èmi ni mo dúró síwájú yín, kì í ṣe pé ẹ ń ṣèdárò mi.

Gàrí ni mò ń tà. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wá gàrí lọ sí abà kan lẹ́yìn Òkè-Ẹ̀rì. Òjò ká mi mọ́nà, ọlọ́kadà sọ̀ mí kalẹ̀, ó ní táyà òun ń yọ̀. Ó ti gbowó tán kó tó sọ bẹ́ẹ̀ o! Ilẹ̀ ṣú, fóònù kú. Mo rí iná àtùpà nínú igbó, mo tọ̀ ọ́ lọ.

Ilé amọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọmọ mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n wọn ò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Nínú òjò yẹn, aṣọ wọn gbẹ táútáú. Mo wo ọwọ́ wọn: wọn ò gbé ẹní, wọn ò sunkún, a jẹ́ pé wọn kì í ṣe egbére. Mo wo ẹsẹ̀ wọn: ó kanlẹ̀. Síbẹ̀, mi ò wọlé, etí òrùlé ni mo dúró sí. Àfi bí èyí tó kéré jù ṣe pè mí ní Àbẹ̀kẹ́! Ìyá ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú tipẹ́.

Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ jáde, ooru ń rú lórí rẹ̀, ẹja ṣawa yọrí láàárín epo. Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n mo ní mo ti yó. Mo fẹ́ máa lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mọ́ ìró mi, ọwọ́ wọn tutù bí omi àmù: “Màmá, ẹ jókòó.” Mo fà á títí, wọn ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí náà ni mo sùn sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, Erédò, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló lanu síbẹ̀, ewé bo etí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ yàrà Súngbọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ibòmíràn sì jìn tó mítà 20. Orúnkún mi yẹ̀.

Ìyá arúgbó kan jáde. Mo béèrè àwọn ọmọ, ó ní òun nìkan ló ń gbébẹ̀. Ó wojú mi: “Ṣé o jẹun wọn?” Mo ní rárá. Ó pòṣé, ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Adìyẹ ń ṣa ìkọ́kọrẹ́ jẹ.

Pásítọ̀ ní áńgẹ́lì ni wọ́n. Mi ò bá wọn jiyàn. Ewùrà mẹ́ta ni mo gbé wá síwájú pẹpẹ yìí. Mẹ́ta mìíràn wà nínú mọ́tò, pẹ̀lú ẹja ṣawa. Bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, Òkè-Ẹ̀rì ni mò ń lọ. Bí wọ́n bá tún bu oúnjẹ fún mi, màá jẹ.