Táyà Tuntun Kan Ṣoṣo

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá la ṣe fíríídọ̀mù ọmọ iṣẹ́ mi kẹtàlá ní Táíwò Ìsàlẹ̀. A gbàdúrà, a jẹ tùwó, a jẹ wàrà díndín, a gbé sípánà lé e lọ́wọ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo bá a lábẹ́ jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ó ń so táyà tuntun kan ṣoṣo mọ́ ọn, mẹ́ta yòókù sì ti dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Inú mi ru. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, fún òun àti gbogbo ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ń ṣe mẹkáníìkì láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà.

N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yí ọ́ìlì. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kà sílẹ̀, bí ẹnu mi bá lè dúró lórí mẹ́ta.

Èkíní: mọ iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ọkọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án. Mo wọṣẹ́ sójà ní 1984, ní ẹ̀ka àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n sì fi mí sídìí Ferret. Bẹ́ ẹ bá rí i nínú fọ́tò, ámọ́ tánkì lẹ máa pè é. Kì í ṣe tánkì. Ọkọ̀ amí ni, onítáyà mẹ́rin, èèyàn méjì ló ń gbé, kò wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ́ lọ wo ibi tí ọ̀tá wà, kó sì sá padà wá sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí Daimler, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1952, fi fún un ní gíá márùn-ún síwájú, márùn-ún sẹ́yìn. Bó ṣe sáré lọ náà ló lè fẹ̀yìn sáré bọ̀. Ẹ́ńjìnì Rolls-Royce onípẹtiróòlù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, sítíárì rẹ̀ sì tẹ̀ sódì bíi pé ọ̀mùtí ló so ó. Ferret ti ja ogun abẹ́lé wa kí n tó mọ ohun tí sípánà ń jẹ́.

Èkejì: má fi ẹ̀rù tẹ pẹ́dà. Ferret kò ní kílọ́ọ̀ṣì bíi ti dánfó. O máa kọ́kọ́ fi ọ̀pá kékeré yan gíá, kò tíì ní wọlé. Ìgbà tó o bá tẹ pẹ́dà ló ń wọlé. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, ó ń ta padà bí ìbaaka. Mo tiro fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, torí ẹ̀kẹta ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti 1987.

Difírẹ́ńṣà kan ṣoṣo ni Ferret ní, láàárín, òun ló ń pín agbára sápá ọ̀tún àti òsì. Táyà iwájú àti tẹ̀yìn tó wà lápá kan náà, irin ló so wọ́n pọ̀: iye ìgbà tí tiwájú bá yí ni tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yí. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, bí tuntun ṣe ń tóbi ju èyí tó ti dán lọ, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa yọ̀ kí wọ́n tó lè jọ rìn. Nínú iyanrìn tàbí ẹrẹ̀, yóò yọ̀, kò síjà. Lórí ọ̀dà, kò ríbi yọ̀. Ṣáàfù, irin tó so wọ́n pọ̀ yẹn, ni yóò máa lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, títí nǹkan kan yóò fi já. Àwọn awakọ̀ àgbà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gun etí títì kí táyà lè fò díẹ̀, kí ìlọ́ náà tú.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lọ́jọ́ tí táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ́, tí sítọ́ọ̀ sì ní ẹyọ kan ṣoṣo. Àlejò ńlá ń bọ̀, ọ̀gá wa fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ tò. Mo ní, “Sà, méjì la nílò.” Ó ní, “Ṣé táyà ló ń ba gíá jẹ́ nílùú yín?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo so ó, mo buwọ́ lu káàdì pé ọkọ̀ dára, n kò sì kọ ọ̀rọ̀ táyà síbẹ̀. N kò sọ fún awakọ̀ náà pàápàá, ará Òmù-Àrán kan tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n.

Orí ọ̀dà gbígbẹ ló gbà. Nígbà tá a débẹ̀ lọ wò ó, ṣáàfù ti lọ́ débi pé ọkọ̀ kò lè rìn mọ́. Bí mo ṣe fi jáàkì gbé apá òsì sókè, táyà iwájú yí padà fúnra rẹ̀, ó gbá sípánà mọ́ mi lọ́wọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀gá ní eré àsápajúdé ni Ẹ̀gbọ́n sá. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi tì í mọ́ gáádì-rúùmù, wọ́n sì gé owó oṣù rẹ̀. Káàdì ní ọkọ̀ dára, àbí? Mo dákẹ́. Ọ̀gá yẹn fẹ̀yìntì pẹ̀lú ìlù àti ìyìn, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi dòní, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ ní kí n dárí jì í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló buwọ́ lùwé.

Ní 2011, mo wọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán. Mo jẹ́wọ́ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, “Mo rí táyà tuntun yẹn ní ìdájí tí mò ń jáde. Mo wo káàdì, mo rí orúkọ ẹ, mo ní á jẹ́ pé o ti wọ̀n ọ́n.” Ó ní kí ìyàwó òun gbé oúnjẹ wá fún mi. N kò lè jẹ ẹ́ tán.

Okùn lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ yí i ká táyà kan, ẹ sàmì sí i, ẹ yí i ká èkejì. Mo ti so okùn kan mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí mo ń wí ti tú táyà yẹn kúrò. Alhaji tó ni jíìpù ní a fẹ́ jẹ òun lówó, ó ń bínú sí wa.