Iná Orí Ìtàgé fún Eré Olórin Nígbà Tówó Ò Tó: Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́

Ẹ̀yin àbúrò wa nídìí iná, ká ní wọ́n gbé Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ fún yín ní gbọ̀ngàn iléèwé kan, tówó tó wà nílẹ̀ sì gba LED PAR (iná LED orí ìtàgé tó ń yí àwọ̀ padà) mẹ́jọ pẹ̀lú Fresnel (iná onígílóòbù tí dígí iwájú rẹ̀ ń mú kí etí ìmọ́lẹ̀ rọ̀) oní 1000W méjì. Ó tó. Àmọ́ ẹ má tíì gun àkàbà; jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ní 230V, iná 1000W kan ń fa nǹkan bíi 4.3A. Sókẹ́ẹ̀tì 13A gba méjì wẹ́rẹ́. Bẹ́ ẹ bá ki ẹ̀kẹta bọ̀ ọ́, púlọ́ọ̀gì á máa gbóná, fíúsì sì lè já láàárín orin. Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA kì í gbé ju nǹkan bíi 2kW lọ, 1.5kW ni kẹ́ ẹ sì dúró sí. LED tó ń jẹ 60W, mẹ́jọ ẹ̀ jẹ́ 480W. Ẹ fi Fresnel kan kún un, ó di 1480W. Fresnel kejì ń padà sílé nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé "á gbé e" kọ́ ni wọ́n máa bú tí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn. Kí àwọn tó ń bójú tó ohùn wá jẹnẹrétọ̀ tiwọn, nítorí díma, ẹ̀rọ tá a fi ń rẹ iná sílẹ̀ tàbí gbé e sókè, máa ń mú kí sípíkà kùn.

LED mẹ́rin ń lọ síwájú. Ọgbọ́n tí Stanley McCandless, olùkọ́ iná ìtàgé ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1932 kò tíì gbó: iná méjì fún apá ìtàgé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, ní igun 45°, àwọ̀ ọ̀kan móoru, ti èkejì tutù. Bí iná bá fi mítà 3 ga ju ojú òṣèré lọ, kó fi mítà 3 wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ sókè orí tààrà, òjìji iwájú orí á bo ẹyinjú, ọba tó ń kọrin á wá dà bí agbárí.

Ẹ fi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n gíga orí èèyàn. Ibí lowó kékeré ti ń ṣiṣẹ́ owó ńlá. Lára awọ dúdú, iná ẹ̀gbẹ́ ló ń yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká àti apá oníjó. Bẹ́ ẹ bá ń bu tiwájú sí i, ojú á kàn rí pẹlẹbẹ ni. Ẹ má sì fi pupa, gíríìnì àti búlúù LED nìkan po funfun, torí ojú á rí bíi tẹni tó fi eérú para. Ẹ wá èyí tó ní ámbà, àwọ̀ bí oyin.

Méjì tó kù ń lọ sẹ́yìn, lókè, kí ègbè má bàa rì sínú aṣọ dúdú. Fresnel ni ti ìtẹ́ Ṣàngó.

Ẹ gba ìrépé aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ kẹ́ ẹ tó yan àwọ̀. Pupa Ṣàngó á dúdú lábẹ́ búlúù, ìyà télọ̀ á sì já sásán.

Bí àrá bá fẹ́ sán, ẹ má wá iná kún iná. Ẹ rẹ gbogbo ẹ̀ wálẹ̀ sí 20% fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí ojú òǹwòran mọ́ òkùnkùn, kẹ́ ẹ wá ju méjì ẹ̀yìn sí 100% lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ pa á. Bó bá máa ṣẹ́jú léraléra, ẹ kìlọ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún alárùn wárápá.

Ti DMX, ìyẹn ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù ń gbà pàṣẹ fún iná: bí LED kọ̀ọ̀kan bá ń lo ìlà àṣẹ méje, àdírẹ́sì wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìlà àkọ́kọ́ iná kọ̀ọ̀kan, ni 1, 8, 15, títí dé 50, díma á gba 57. Wáyà máìkì lè gbà fún yín lọ́jọ́ ìdánrawò, kí iná wá máa gbọ̀n lálẹ́ eré. Ẹ lo wáyà DMX gan-an, kẹ́ ẹ sì fi rẹsísítọ̀ 120 ohm dí ẹnu iná tó kẹ́yìn.

Ẹ má fi aago ṣètò ìyípadà iná. Oníbàtá á fà á gùn, akéwì á tún oríkì kì. Ọ̀rọ̀ orin ni kẹ́ ẹ kọ ìyípadà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ni tó gbọ́ ìlù sì jókòó ti bọ́ọ̀dù. Ní ìparí, kí Fresnel ló kẹ́yìn láti kú. Bí LED olówó pọ́ọ́kú bá sún mọ́ òdo, ńṣe ló máa ń fò. Wáyà inú gílóòbù Fresnel ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kú.