Ẹsẹ̀, àmàlà àti ọ̀rọ̀: Sátidé kan ní UI

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn (UI) tí kò mọ̀ ju hóòlù, kíláàsì àti àdúgbò Àgbówó lọ ń jìyà lórí ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Sátidé tó dùn kò gba owó púpọ̀ níbẹ̀. Aago ló gbà: ìgbà tí a ń rìn, ìgbà tí a ń jẹ, ìgbà tí ara gbọ́dọ̀ sinmi. Ẹni tó bá fi àmàlà ṣáájú ìrìn ti ba ọjọ́ náà jẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, oòrùn Ìbàdàn kì í ṣe ohun tí a ń fi orí gbà. Ẹ má sì ju mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá di mẹ́rin, ojú ọ̀nà kò ní gbà yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín; ẹ ó pín sí méjì-méjì, ọ̀rọ̀ náà á sì pín.

Láti géètì ńlá, ẹ gba ọ̀nà Trenchard Hall, níbi tí ilé gogoro aago wà, kí ẹ sì yà sí Kenneth Dike Library. Ẹ wo ara àwọn ilé àtijọ́ náà dáadáa. Maxwell Fry àti Jane Drew ló yàwòrán wọn lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1948. Ihò tó wà lára ògiri kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, oòrùn kò sì lè ráyè wọlé tán. Lásìkò òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn Ìbàdàn ti sábà máa ń fẹ́, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú síbẹ̀ ló tutù jù fún ìjókòó. Ẹ kọjá níwájú hóòlù Mellanby àti Tedder, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí adágún Awba. Ojú ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí o. Koríko etí omi kò ṣeé fọkàn tán, ejò lè wà níbẹ̀.

Oúnjẹ àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Àkàrà mẹ́ta pẹ̀lú ògì gbígbóná ti tó. Bí epo alákàrà bá gbóná dáadáa, àkàrà á dún ṣàà bó ṣe ń wọlé, á sì léfòó kíákíá. Bí ó bá rì tó dákẹ́ sísàlẹ̀, epo ló ń mu. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àmàlà, Bódìjà ni. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Bó bá di aago kan, èrò á ti tò, gbẹ̀gìrì tí wọ́n sè láti àárọ̀ á sì ti fẹ́ máa kan. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè tó rọ̀, tí a sì fi ìjábẹ̀ lù ni gbẹ̀gìrì. Bí a bá dé e pa nínú ooru, kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá ń hó tàbí tí òórùn rẹ̀ bá ta símú, ní kí wọ́n fún ọ ní ewédú àti ọbẹ̀ ata nìkan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àmàlà èlùbọ́ iṣu gidi máa ń dúdú, ojú rẹ̀ á dán, kò sì ní lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èyí tó funfun lójú tó ń fà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po láfún mọ́ ọn. Bí o bá kan kókó nínú rẹ̀, omi ni kò tíì hó dáadáa tí wọ́n fi da èlùbọ́ sí i. Má bu mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, torí àmàlà tó bá tutù á le. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì, kí o wá ké sí wọn pé, "Màmá, ẹ bá mi fi ọ̀kan kún un." Ní ti ẹran, ṣàkì àti fùkù ni mo fara mọ́; ẹran líle ń gba ẹnu tí ó yẹ kí a fi sọ̀rọ̀. Kí owó kéékèèké wà lápò, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú, alámàlà kò lè dúró de àlẹ́ẹ̀tì nígbà tí èèyàn mẹ́wàá wà lẹ́yìn rẹ.

Lẹ́yìn àbùlà, ẹ má rìn. Ẹ padà sábẹ́ igi kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ títí di aago mẹ́ta ààbọ̀. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti ń gbé mì látọjọ́ pípẹ́ máa ń jáde: ọ̀rọ̀ ilé, ti kọ́ọ̀sì tó ń dáni lóró, ti ẹni tí ọkàn fẹ́. Ẹni tó bá ń tòògbé, ẹ jẹ́ kó tòògbé.

Bí oòrùn bá rọ̀, ẹ wọ takisí Micra lọ sí Bẹẹrẹ, kí ẹ sì bi awakọ̀ bóyá ó ní ṣéńjì kí ẹ tó jókòó. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi gun Òkè Àárẹ dé ilé gogoro Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po. Ó há gan-an: ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ kọ́kọ́ jáde, kí ẹ gbé báàgì sí àyà, kí ẹ sì máa gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ẹnu mọ́ títí ẹ ó fi dókè, kí èémí má bàa tán. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru nìkan lẹ ó rí. Ọjọ́ kejì òjò ló dára jù, nígbà tí eruku ti wọlẹ̀: gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, Cocoa House alájà 26 ní Dùgbẹ̀, àti òrùlé pánù tó ti dípẹtà lọ bí ilẹ̀ bẹẹrẹ.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo, ẹ ra sísun àti àgbọn lọ́wọ́. Fi èékánná tẹ ọmọ àgbàdo náà kí wọ́n tó gbé e lé iná. Bí omi funfun bá jáde, ó ṣì tutù. Èyí tó ti gbó á dá àgbọ̀n lágara, ọ̀rọ̀ sì ṣì kù tí ẹ ó sọ dé hóòlù.